Bo Ẹrù Kí O Tó Bo Ara

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Vendelín fi ń fa okùn. Okùn náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé àlejò tó ń tọ́jú lórí òkè, ó gba ara àwọn ọ̀pá irin kọjá, ó sì parí sí ara ilé ìyàgbẹ́ tó dá dúró létí àpáta. Lójú ẹni tó bá rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eré ọmọdé ni. Ibẹ̀ kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè sọ òkò dé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín bá ń jà, tí ènìyàn na ọwọ́ tí kò rí ìka ara rẹ̀, okùn yìí nìkan ló mọ ọ̀nà ilé. Ọkùnrin kan ti jáde lọ tọ̀ rí, nígbà tí kò sí okùn. Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n tó rí i. Kò jìnnà sí ilẹ̀kùn.

Vendelín gbé ara lé okùn náà, ó tún fà á. Kò já. Ó tú ibi kan tó ti fẹ́ẹ́ já, ó tún un so.

Lẹ́yìn náà ó gbé ṣọ́bìrì wọlé. Ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ síta nígbà òtútù, ọwọ́ lásán ni yóò fi wa ara rẹ̀ jáde. Ó kó ìṣáná sínú ìgò, ó dé e. Ó yí gbogbo fèrèsé ká, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé, ó sì ń fi òwú àti ọ̀rá dí i. Ó ń ṣe é láìkánjú, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ.

Ọ̀la ni oṣù kẹwàá máa parí, ọ̀la náà ni wọ́n máa ti ọ̀nà. Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gun àwọn òkè Tatra dé ibi gíga bẹ́ẹ̀. Vendelín nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa gbọ́n yìnyín kúrò lórí òrùlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òrùlé á wọlé tọ ibùsùn lọ. Àwọn tó ń tọ́jú ilé tẹ́lẹ̀ máa ń pín iṣẹ́ òtútù yìí láàárín ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé Vendelín kì í kọ̀, wọn ò bi í mọ́.

Kò sí ọkọ̀ tó ń dé ilé náà, ẹṣin kò lè dé e. Ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ènìyàn ló gbé e wá: ìyẹ̀fun, àlùbọ́sà, gáàsì, ibùsùn, títí kan ààrò, tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tún un tò. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, níwájú ilé ìsinmi tí Otília ń bójú tó, òkìtì igi ìdáná kan wà. Ẹni tó bá ń gòkè, tó bá wù ú, á ṣa igi díẹ̀ níbẹ̀, á dì í sẹ́yìn. Bó bá dé òkè, Vendelín á bu tíì fún un, kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ilé náà ti wà, kò tíì sí ẹni tó gbé ẹrù débẹ̀ tí kò mu tíì rẹ̀. Àwọn àgbà alárù máa ń sọ pé ilé tó bá fi tíì alárù du alárù, yìnyín á jẹ òrùlé rẹ̀.

Alárù ni Vendelín fúnra rẹ̀ kó tó di olùtọ́jú ilé. Kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó kọ́kọ́ gbé ẹrù, báyìí irùngbọ̀n náà ti funfun. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ kò ju gbólóhùn kan lọ: bo ẹrù kí o tó bo ara. Bí òjò bá ká alárù mọ́ ojú ọ̀nà, ẹrù ni yóò kọ́kọ́ wá nǹkan fi bò, kó tó rántí awọ ara rẹ̀. Ara tó tutù, ààrò á gbẹ ẹ. Igi tó tutù, kí ni yóò gbẹ ẹ?

Ó ti kọ́ ẹnìkan ní gbólóhùn yìí rí. Ọmọ rẹ̀ ni, Heda.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lórí pẹpẹ há kẹ̀ẹ̀.

"Òkè, òkè. Ṣé o ti jí ni, àbí o ti kú?" Otília nìyẹn. Báyìí ló ṣe ń kí i láràárọ̀ láti ọdún gbọọrọ.

"Mo ti kú. Kí lo fẹ́?"

"Òkú tó ń bèèrè ọ̀rọ̀! Àwọn adóòlà orí òkè ní kí n sọ fún ẹ pé afẹ́fẹ́ lè dé láti àríwá lọ́sàn-án, pẹ̀lú yìnyín. Wọ́n ní ó sì lè má dé."

"Wọn ò mọ̀."

"Ṣé ìwọ mọ̀?"

Vendelín wo ojú fèrèsé. Ọ̀run mọ́, ó mọ́ jù. Ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókèèrè tó dà bí ìgbà tí wọ́n fi èékánná ya ọ̀run. Ó ti rí irú rẹ̀ tó di ìjì, ó sì ti rí irú rẹ̀ tó di asán.

"Èmi náà ò mọ̀," ló wí.

Otília rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe ìwà rẹ̀.

"Bàbá Heda."

Vendelín gbé ìgò ìṣáná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Otília kì í pè é bẹ́ẹ̀ tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀.

"Ọmọ rẹ wà níbí. Ó ti mu kọfí tán. Ó dúró tì mí."

Kó tó ronú ohun tí yóò sọ, ohùn mìíràn ti wọlé. Ohùn náà ti yí padà díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń sọ èdè àwọn ẹlòmíràn.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀."

"Heda."

"Èmi ni. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Vienna láti Kánádà. Mo yọ ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni ọkọ̀ òfurufú mi. Mo ní kí n gòkè wá rí yín, kí n sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Vendelín rí ọ̀nà náà lójú ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Inú igbó. Ibi tí igbó ti ń kúrú, tí igi ò ga ju orúnkún lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Òkúta Ìsinmi, òkúta pẹrẹsẹ tí àwọn alárù máa ń gbé ẹrù lé láti sinmi. Lókè òkúta yẹn, àpáta dìde bí ògiri, ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n kàn mọ́ ọn fún ọwọ́ láti dì mú. Ní ọjọ́ tó dára, ọmọdé ń gùn ún pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí afẹ́fẹ́ bá fi omi dídì lẹ̀ ẹ́, àgbà á di ọmọdé níbẹ̀. Heda á gùn ún dé lẹ́yìn ọ̀sán. Á jókòó díẹ̀. Ìgbà tó bá ń padà, ara ẹ̀wọ̀n ni afẹ́fẹ́ á ti bá a. Bí afẹ́fẹ́ bá dé.

"Má gòkè," ló wí.

"Kí ló dé?"

"Ojú ọjọ́."



"Bàbá, ẹnu ọ̀nà ni mo wà yìí. Òòrùn ń wọ̀ mí lójú."

"Ti ìsinsìnyí nìyẹn."

"Ojú ọjọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ tó ti bàjẹ́ wò lẹ́nu. "Ọjọ́ ìgbéyàwó mi náà, ojú ọjọ́ ni. Gbogbo ènìyàn jókòó ní ìlú Košice, wọ́n ń wo àga yín. Òòrùn ràn lọ́jọ́ náà, Bàbá. Ó wà nínú fọ́tò."

"Lọ́dọ̀ yín ló ti ràn. Níbí kò ràn."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà yẹn."

"Ẹ̀yin méjèèjì," Otília dá wọn lóhùn láti ibi kan lẹ́yìn, "gbogbo àwọn adóòlà òkè yìí ló ń gbọ́ ẹ̀rọ yìí o. Ẹ má sọ mí di ilé ẹjọ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, Bàbá," ni Heda wí. "Mo ti gbọ́."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Vendelín dúró tì í síbẹ̀, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí àlejò ti lọ.

Yìnyín jà lóòótọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Ó jà láti òru, kò jẹ́ kí ènìyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò há sínú ilé, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó dáwọ́ dúró. Bí Vendelín bá ti sáré, bóyá á bá wọn nídìí oúnjẹ alẹ́. Kò sáré. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò lè fi àlejò sílẹ̀. Òótọ́ ni. Òótọ́ mìíràn wà nísàlẹ̀ ìyẹn: ìyá Heda ti kú, òun nìkan ni yóò jókòó sídìí tábìlì àwọn òbí, láàárín àwọn ará ìlú ńlá tó ń fi ife kan ife, kò sì mọ ohun tí ènìyàn ń sọ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí òun àti ọmọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́. Ojú ọjọ́ ti di ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fi ẹnu kàn láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ òun ni ohun kan ṣoṣo tí Vendelín mọ̀ ọ́n sọ.

Ó padà sídìí fèrèsé. Ó ku ihò kan tí kò tíì dí.

Àwọn àlejò méjì tó sùn nínú ilé náà lálẹ́ àná jáde láti yàrá, wọ́n ń na ara. Ará Bratislava ni wọ́n. Ọ̀kan kì í sọ̀rọ̀. Èkejì, tó ń jẹ́ Kamil, ń sọ tirẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gun ṣóńṣó òkè, kí wọ́n sì gba apá kejì sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ Pólàǹdì.

Vendelín dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò yẹ̀ fún wọn.

"Ìbọ̀wọ́ yín dà?"

"Bàbá, oṣù kẹwàá la wà. Ibí kọ́ ni Síbéríà."

"Ìbọ̀wọ́."

Kamil na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Àwọn tí ìyá mi fún mi nìyí."

"Bí wọ́n bá já, ṣé ìyá ẹ á bí òmíràn?"

Ọ̀rẹ́ Kamil rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Vendelín fi ẹsẹ̀ ti àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn síwájú wọn. Ó kún fún ìbọ̀wọ́ tí àwọn ènìyàn ti gbàgbé síbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Kamil wá inú rẹ̀ títí, ó fa ọ̀kan tó ní òdòdó lára yọ.

"Ti obìnrin lèyí!"

"Òtútù ò mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. Wọ̀ ọ́. Fìlà ńkọ́? Omi gbígbóná ńkọ́? Bí ìkùukùu bá bo orí òkè, kí lẹ máa ṣe?"

"Àá gbàdúrà."

"Ẹ ó yí padà. Ẹ gbàdúrà nígbà tẹ́ ẹ bá délé."

Wọ́n lọ. Ohùn Kamil ń dún lórí àpáta fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Vendelín kó àwọn ọ̀pá gígùn tí yóò fi sàmì sí ọ̀nà jáde. Wọ́n ga ju ènìyàn lọ, ó sì ti kun orí wọn ní pupa. Ó ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín òkúta, ó ń fi òkúta kéékèèké há wọn. Ọ̀nà tí ènìyàn ń tọ̀ lójoojúmọ́, yóò ṣe é ní kàyéfì bí yìnyín ṣe ń pa á rẹ́ láàárín ọ̀sán kan. Bó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wo àríwá. Ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò sún mọ́ ọn, kò sì lọ.

Òòrùn wá mú gan-an. Ó bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀. Omi tó dì sára àpáta ń yọ́, ó ń kán tó tó tó.

Nígbà tí òòrùn kan àtàrí, ó gbọ́ Kamil lókè, lórí góńgó tó yọ sókè ilé náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu bíi fèrè.

"Bàbá! Afẹ́fẹ́ yín dà?"

"Ó ń bọ̀!"

"Bíi ọkọ̀ ojú irin wa! Láti èṣí ló ti ń bọ̀!"

Ó ju ọwọ́ olódòdó náà sókè, ó jù ú síwá sẹ́yìn, ó sì wọ apá kejì òkè lọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ni àlejò tó gbẹ̀yìn lọ́dún náà.

Vendelín jókòó sórí ìjókòó onígi níwájú ilé. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Adágún ń tàn nísàlẹ̀ bí owó ẹyọ. Èjìká àpáta ló bo ọ̀nà mọ́ ọn lójú, ó sì ń wo èjìká náà bí ẹni pé yóò yà sọ́tọ̀ fún un. Bí Heda bá ti gbéra láàárọ̀, ibi Òkúta Ìsinmi ni ì bá wà báyìí. Á ti máa mí gúlegúle. Á ti máa bú bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìgbà ìsinmi ilé ìwé ni wọ́n jọ máa ń gbé níbí. Búrẹ́dì kan péré ló máa ń gbé gòkè, a sì máa rìn bí ẹni tó gbé òkè fúnra rẹ̀. Bó bá dé, á jókòó sí ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí yìí, á ní, "Tíì mi dà?"

Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè mi ewé.

Ọkàn kan wí fún un pé ìwọ lo ṣe é. O tún fi ojú ọjọ́ lé e. Kò sí òtútù, kò sí ìjì, òòrùn ló ń pa ọ́ lórí ìjókòó. Heda á máa wo òòrùn yìí láti ìsàlẹ̀. Á ní, ẹ ò rí i. Àgbàlagbà tó bá ń sá fún ọmọ rẹ̀ kò ju báyìí lọ.

Ó dìde. Ó wọlé lọ sídìí ẹ̀rọ.

"Otília."

"Ṣé o tún ti jíǹde ni?"

"Sọ fún un kó máa bọ̀."

"Ta ni?"

"Heda. Ọ̀run mọ́. Bó bá gbéra báyìí, màá lọ pàdé rẹ̀ nídìí ẹ̀wọ̀n, kó sùn síbí. Àwọn adóòlà á bá a wá ọkọ̀ láàárọ̀. Mo ṣàṣìṣe."

Ó gbọ́ tí abọ́ ń kan abọ́. 

"Vendelín, kò sí níbí mọ́. Láti àárọ̀ ni. Mo wọlé lọ wo ọbẹ̀ kábéèjì mi, ìgbà tí mo jáde, kò sí òun, kò sí àpò rẹ̀."

"Ọ̀nà wo ló gbà?"

"Bí mo bá mọ̀, ṣé n ò ní sọ fún ẹ? Ó bínú. Mo rò pé ó ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀."

"O rò."

"Mo rò. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n so ó mọ́ àga?"

Kò tíì gbé ẹnu ẹ̀rọ náà kalẹ̀ tán tó fi gbọ́ okùn. Okùn ẹnu ọ̀nà ń kùn, jẹ́jẹ́, bí oyin tó wà nínú ihò igi. Ó jáde. Góńgó òkè tí Kamil dúró sí kò sí mọ́. Ohun funfun kan ti jókòó sórí rẹ̀, ó sì ń ṣàn bọ̀ wá sísàlẹ̀. Òtútù dé kí afẹ́fẹ́ tó dé. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ó wọ gbogbo ohun tó ní. Ó fi okùn kọ́ èjìká, ó mú àáké tí wọ́n fi ń gún omi dídì. Ó ń lọ láti ọ̀pá pupa kan sí òmíràn, àwọn ọ̀pá tó rì mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó dé orí ẹ̀wọ̀n, ó dojúbolẹ̀ lórí àpáta, ó na ọrùn síta.

"Heda!"

Afẹ́fẹ́ gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn.

Ó so okùn mọ́ irin, ó sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí okùn náà lè dé. Ẹ̀wọ̀n ti ń dán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ kan àpáta. Ó tẹ́tí. Ó pè é, ó tún tẹ́tí. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ àfi funfun. Àyà rẹ̀ ń sọ gbólóhùn kan fún un léraléra: sọ fún un kó máa bọ̀. Ẹnu òun ló ti jáde. Bó bá jẹ́ pé ó wà nítòsí Otília nígbà yẹn, bó bá gbọ́ ọ, ara ẹ̀wọ̀n yìí ni yóò wà.

Ó dúró níbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ ò fi mọ̀ bóyá òun di irin mú tàbí òun ò dì í mú. Nígbà náà ló padà.

Nígbà tó délé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti di pákó. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ láìbọ́ bàtà. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ náà tó há.

"Vendelín, ṣé o ń gbọ́? Ó ti pè mí. Ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ti kúrò ní ìlú Poprad nísàlẹ̀."

Ó di etí pẹpẹ mú.

"Vendelín?"

"Mò ń gbọ́."

"Ara rẹ̀ le. Ohùn rẹ̀ ló dà bíi ti ẹni tí òtútù ti mú. Mo bi í. Ó ní díẹ̀ ni."

"Ṣé ó sọ nǹkan?"

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun dé ibi tí òun lè dé." Otília tú ìmí jáde. "N ò mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ṣahun iyọ̀ ni."

Vendelín mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ tó ti rìn láti Kánádà dé ìdí òkè bàbá rẹ̀, tí bàbá ní kó má gòkè, kí ló tún kù tó lè ṣe? Ó ti ṣe tirẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó dáná, ó wo iná náà títí ó fi di eérú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìjì ti lọ. Ayé funfun, ó sì dákẹ́. Vendelín gbé pátákó tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ẹ̀wọ̀n, èyí tó ń sọ pé ọ̀nà ti di títì. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, ó ń fi àáké fọ́ omi dídì kúrò lára irin. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó rí nǹkan lórí Òkúta Ìsinmi. Yìnyín bò ó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan yọ. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

Ó fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò. Aṣọ òjò ni. Aṣọ òjò obìnrin, tuntun, tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n fi bo ẹrù, wọ́n ká etí rẹ̀ sábẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fi okùn dì í. Òkúta kéékèèké wà lórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣí i.

Ó wo ojóbó rẹ̀. Ojóbó alárù ni. Àwọn alárù máa ń fi ẹnu okùn sílẹ̀ gígùn, kí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè tú u láìbọ́ ìbọ̀wọ́ nínú òtútù. Kò sí ẹni tó ń di ẹrù báyìí mọ́. Ó fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ mú ẹnu okùn náà, ó fà á. Ó tú.

Igi ìdáná ni. Ẹrù tó pọ̀, tó ju ti àlejò lọ.

Vendelín gbé e díẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Yìnyín wà ní gbogbo orí Òkúta Ìsinmi àfi ibi tí ẹrù náà jókòó sí. Ibẹ̀ gbẹ, ó sì ní àwọ̀ tí òkúta máa ń ní nígbà tí òòrùn bá pa á. Òòrùn ṣì wà nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀.

Ó dúró, ó ń wo ibi gbígbẹ náà.

Heda ti gbé ẹrù dé ìdí ẹ̀wọ̀n nígbà náà. Ó ti wo òkè, kò sí ìkùukùu, kò sí afẹ́fẹ́, ọmọdé ì bá gùn ún. Bàbá rẹ̀ jókòó lókè yẹn lábẹ́ òòrùn kan náà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé irọ́ ni òun pa. Síbẹ̀ Heda bọ́ aṣọ òjò tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi bo igi. Ẹni tó bá rò pé àwáwí ni ojú ọjọ́, kò ní bo igi lábẹ́ òòrùn. Lẹ́yìn náà ló padà sẹ́yìn, tí yìnyín sì bá a nínú igbó láìní nǹkan tí yóò fi bora.

Vendelín so pátákó mọ́ ẹ̀wọ̀n. Ó di ẹrù náà padà, ó fi aṣọ òjò bò ó bí ó ti bá a, ó gbé e sẹ́yìn, ó sì gun òkè. Ó ti gbé ẹrù tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ rí. Ó sinmi lọ́nà síbẹ̀, ó ju ìgbà kan lọ.

Nínú ilé, ó gbé aṣọ òjò náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn tó ń sùn nínú ilé máa ń kọ́ aṣọ wọn sí. Ó mú igi nínú ẹrù náà, ó fi dáná. Ó gbaná lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí omi hó, ó bu tíì sínú ife méjì, ó fi ṣúgà sí ọ̀kan, ó pọ̀, bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó gbé e sí òdìkejì tábìlì. Lẹ́yìn náà ló mú ẹ̀rọ.

"Otília."

"Òkú ti kọ́kọ́ pe alààyè lónìí! Kí ló dé?"

"Bó bá délé, bó bá pè ọ́, bá mi jíṣẹ́ fún un."

"Mò ń gbọ́."

"Sọ fún un pé igi náà gbẹ."

Otília dúró kó sọ ìyókù.

"Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ? Obìnrin rìn láti òdìkejì ayé, igi gbẹ?"

Vendelín wo ife kejì. Èéfín ń yọ lórí rẹ̀, ó ń lọ sókè tààrà nítorí pé kò sí ihò kankan mọ́ nínú ilé tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé.

"Sọ pé mo ti bu tíì rẹ̀," ló wí. "Sọ pé oṣù kẹfà ni wọ́n máa ṣí ọ̀nà."